Ìjẹ Tí Àna Mi Yóò Mú Wá sí Ọ̀sà

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ni ó fà á. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí mo yà kúrò lójú omi díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Ìkòròdú ni mo ń gbé. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sì bí mi sí, lọ́wọ́ bàbá tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ìwọ̀ àti àwọ̀n lọ. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti wà ní Skọ́tlándì láti nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ó sọ fún mi pé òun ti rí ẹni tí òun yóò fẹ́, pé òyìnbó ìlú náà ni. Mo ní n kò gbọ́. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ, òun náà sì dákẹ́. Fún oṣù mẹ́jọ gbáko, "ẹ kú ọdún" àti "ẹ kú iléyá" nìkan ni ó ń kọjá láàrin èmi àti rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ ni ó ń bá sọ ọ̀rọ̀ gidi, èmi a sì máa ṣe bí ẹni tí kò tẹ́tí.

Nígbà tí ó di òpin oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà, ìròyìn dé. Bàbá ọmọbìnrin náà ní òun fẹ́ wá sí Nàìjíríà ní Dìsẹ́ḿbà láti wá rí wa kí ìgbéyàwó tó wáyé. Ẹ gbọ́ nǹkan! Àwa ni à ń ru iṣu àti obì lọ sí ilé ìyàwó. Èyí tí bàbá ìyàwó yóò fi wọ bàálù wá bá wa, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀. Ìbéèrè kan ni ọmọ mi fi ti ìròyìn náà lẹ́yìn. Ó ní ọkùnrin náà fẹ́ràn ẹja pípa bí ẹni fẹ́ràn oúnjẹ, pé òun ti sọ fún un pé ọmọ apẹja ni bàbá òun, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ mi irú ìwọ̀ tí òun yóò kó wá. Ó fi àwòrán kan tì í.

Àpótí pẹlẹbẹ kan ni mo rí nínú àwòrán náà. Ìwọ̀ kéékèèké bí ọgọ́rùn-ún ni wọ́n tò sínú rẹ̀, wọ́n sì fi ìyẹ́ àti irun wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Òmíràn dà bí ẹ̀fọn, òmíràn bí eṣinṣin, òmíràn bí kòkòrò tí ń fò yí iná ká ní alẹ́ òjò. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìwọ̀ tí kò ní ìjẹ lẹ́nu!

Nígbà tí inú mi rọ̀ ni mo wá ìdí rẹ̀ nínú ìwé, mo sì rí i pé kì í ṣe eré ọmọdé. Nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn ni Aelian, ará Róòmù kan tí ó ń kọ̀wé ní èdè Gíríìkì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn apẹja ilẹ̀ Masidóníà máa ń fi òwú pupa àti ìyẹ́ àkùkọ wé ìwọ̀ kí ẹja lè rò pé kòkòrò ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé lórí fífi ìwọ̀ pẹja ní ọdún 1496. Ìwé tí Izaak Walton ṣe lórí rẹ̀ ní 1653, wọ́n ṣì ń tà á títí di òní. Odò wọn tutù, púpọ̀ nínú wọn sì mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja fi ń rí ohunkóhun tí ó bá bà lé ojú omi. Ẹja kan tí wọ́n ń pè ní trout a máa jáde wá gbé kòkòrò mì lójú omi. Bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò dúdú ni ó ń fò ní ọjọ́ náà, tí ìwọ sì ju funfun sí i, ó lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí ọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ru ọgọ́rùn-ún oríṣi kiri. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti salmon. Bí ó bá ti inú òkun wọ odò láti lọ yé ẹyin, kì í jẹun mọ́, síbẹ̀ a máa gbá ìyẹ́ tí a so mọ́ ìwọ̀ mú. Ebi kò pa á, ó sì ń bu nǹkan jẹ. Bóyá ìbínú ni. Ìwà ẹja yẹn yé mi dáadáa ní ọdún náà.

Nǹkan kan tún kù. Àwa a máa so òjé mọ́ okùn kí a lè jù ú jìnnà. Ìyẹ́ kò wúwo rárá, nítorí náà okùn tiwọn gan-an ni wọ́n ṣe kí ó wúwo. Wọn a mú ọ̀pá gígùn tí ń tẹ̀, wọn a jù ú sẹ́yìn, wọn a jù ú síwájú, títí okùn yóò fi gbé ìyẹ́ náà lọ síbi tí wọ́n fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi "jù ú sẹ́yìn" yẹn sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Mo kà á tán, n kò sì mọ èsì tí n óò fún ọmọ náà. Ìyàwó mi, tí ó ń ta edé àti ẹja yíyan, ni ó tú u fún mi bí ó ti ń ṣa edé lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, ta ni oníbàárà níbẹ̀? Bí mo bá lọ sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ṣé ohun tí ó wu èmi jẹ ni mo ń rà ni? Ohun tí àwọn oníbàárà mi ní Ìkòròdú yóò rà ni. Àna yín kọ́ ni yóò jẹ ìwọ̀ náà. Ẹ lọ bi ẹja."

Ẹni tí ó lè bá mi bi ẹja kò ju Ẹ̀gbọ́n lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ń lọ sójú omi ní Ẹ̀pẹ́ títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo wọ ọkọ̀, mo gba Ìtòikin lọ bá a. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tì í jìnnà sí ojú, ó tún fà á mọ́ra, ó ní, "Tíṣà, ẹja wo ni ó ń jẹ ẹ̀fọn nínú ọ̀sà wa?" Lẹ́yìn náà ni ó jókòó, ó sì kọ́ mi bí ẹni kọ́ ọmọ iléèwé.

Ó ní kí n kọ́kọ́ rántí pé ọ̀sà wa kì í ṣe omi kan ṣoṣo. Nígbà òjò, odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun àti àwọn tí ó kéré jù wọ́n lọ a máa da omi wọn sínú rẹ̀, iyọ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ọ̀sà Èkó. Bí òjò bá dá, láti bí Dìsẹ́ḿbà títí wọ Épírì, òkun a gba ẹnu ọ̀nà tí ó wà ní Èkó wọlé, omi apá Ìkòròdú a sì di oníyọ̀. Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀ wà láàrin ọ̀sà Èkó àti ọ̀sà Lẹ́kí, tí omi rẹ̀ kì í sábà ní iyọ̀. Nítorí náà, ẹja tí ó wà ní Bàyékù ní oṣù Jánúárì lè má sí níbẹ̀ ní oṣù Júláì, ìjẹ tí ó dára ní ìhín sì lè di ohun ìfiṣòfò ní ọ̀hún.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òbòkún, nítorí òun ni ẹja Ẹ̀pẹ́. Ìsàlẹ̀ omi ni òbòkún ń rìn, nínú ẹrẹ̀, òru sì ni ó fẹ́ràn jù. Irùngbọ̀n ẹnu rẹ̀ àti òórùn ni ó fi ń wá oúnjẹ, kì í ṣe ojú. "Kí ni yóò fi ìyẹ́ ṣe?" Okùn gbọọrọ ni à ń dẹ fún un: a óò so ìwọ̀ bí igba mọ́ ọn lẹ́sẹẹsẹ, a óò dẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, a óò sì fà á ní ìdájí. Ìjẹ ńkọ́? Ekòló dára, edé dára. Ṣùgbọ́n ọṣẹ ni Ẹ̀gbọ́n ń lò! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọṣẹ ìfọṣọ gbọọrọ tí ẹ̀yin ìyá wa ń gé tà ní ọjà ni. Ó ń gé e wẹ́wẹ́ bí ẹran ọbẹ̀, ó sì ń gún un mọ́ ìwọ̀. Ó ní òórùn rẹ̀ ń lọ jìnnà nínú omi, akàn àti ẹja wẹ́wẹ́ kì í sì tètè jẹ ẹ́ tán bí wọ́n ti ń jẹ ekòló. Ọ̀pọ̀ apẹja ilẹ̀ wa ni ó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá mú òbòkún, ẹ ṣọ́ ẹ̀gún mẹ́ta ara rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ tí ó bá gún yóò wú.

Àrọ̀ kò le. Ekòló tàbí ìfun adìyẹ, lẹ́bàá koríko níbi tí omi kò ti ní iyọ̀, ó ti tó.

Nígbà tí ó dé orí ẹpìyà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní ẹpìyà kan wà nínú ọ̀sà wa tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú. Bí abo bá ti yé ẹyin, akọ ni í kó o sí ẹnu, yóò sì máa gbé e kiri títí ẹyin yóò fi di ọmọ tí ó lè dá wẹ̀. Ní àkókò yẹn, o lè gbé ekòló tí ó sanra jù lọ sí iwájú rẹ̀, kò ní fẹ́ ya ẹnu. Ẹ̀gbọ́n sọ èyí tán, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, kò sì fi nǹkan kan kún un. Mo mọ̀ pé ìyàwó mi ti ròyìn ọ̀rọ̀ ilé fún un.

Lẹ́yìn náà ni ó tún gba fóònù, ó fi ìka kan ìlà ìsàlẹ̀ nínú àpótí òyìnbó náà. Mẹ́rin ni wọ́n níbẹ̀, wọ́n gùn tó ìka àárín, wọ́n funfun, nǹkan kan sì ń dán lára wọn bí fàdákà. Ó ní, "Àwọn yìí ni. Ṣáwá ni kúta yóò pè wọ́n." Ojú ni kúta fi ń jẹun. Bí ẹja kékeré kan bá dán fìrì, ó ti tẹ̀ lé e. Ó ní kí ọkùnrin náà fi wáyà tín-ín-rín ṣáájú okùn, nítorí eyín kúta kì í ṣe ti ṣeréṣeré. Kí ó sì má lọ sí itòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ awayanrìn ti ń ṣiṣẹ́, nítorí omi ibẹ̀ ti di ògì, kúta kò sì lè lépa ohun tí kò rí.

Mo béèrè nípa èwe olódòdó tí ń bo ojú omi, èyí tí ó ti apá Bàdágìrì wọ ilẹ̀ wa ní ọdún 1984, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rí ọ̀nà. Ó ní iyọ̀ ni ó ń pa á. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, yóò máa dín kù ní apá Ìkòròdú.

Nípa bí ìwọ̀ yóò ti tóbi tó, èmi fúnra mi mọ èyí, nítorí ó ti jẹ mí níyà rí. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, bàbá mi fún mi lówó kí n ra ìwọ̀ Mustad, èyí tí ó ń wá láti ilẹ̀ Nọ́wè, tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe láti 1877. Ó ní kí n ra nọ́ḿbà 6. Mo rò pé nọ́ḿbà 14 yóò tóbi jù ú lọ, mo sì rà á kí inú rẹ̀ lè dùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín: bí nọ́ḿbà bá ṣe ń ga ni ìwọ̀ ń kéré sí i. Ọṣù kan ni bàbá mi fi ń pè mí ní "Ọ̀gbẹ́ni Mẹ́rìnlá".

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo kọ̀wé sí ọmọ mi lórí fóònù. Mo sọ fún un pé kí àna wa fi àwọn ẹ̀fọn àti eṣinṣin rẹ̀ sílẹ̀ nílé, kí ó mú àwọn funfun tí ń dán, kí ó mú wáyà, kí ó sì mú fìlà nítorí oòrùn. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì kí n tó rí i pé mo ti kọ "àna wa". N kò pa á rẹ́. Èsì tí ọmọ náà kọ padà gùn ju gbogbo èyí tí ó ti kọ sí mi ní oṣù mẹ́jọ lọ.

Wọ́n dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta Dìsẹ́ḿbà, ọkùnrin náà, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ mi. Ó ga, ó tín-ín-rín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí wa. Ó ṣubú díẹ̀, ó sì dìde. Ìyàwó mi ti pa ẹtù méjì dè wọ́n.

Ẹ̀pẹ́ ni a kọ́kọ́ lọ. Mo ti sọ fún un pé òbòkún kì í wo ìyẹ́, ṣùgbọ́n apẹja kì í gbọ́ ohun tí kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí. Ó dìde dúró nínú ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ó na ọ̀pá rẹ̀, ó jù ú sẹ́yìn bí mo ti wí, ìwọ̀ náà sì gbé fìlà abetí-ajá mi kúrò lórí, ó gbé e sọ sínú ọ̀sà. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ojú òyìnbó náà pọ́n bí ata, ó ń bẹ̀ mí, ó ń bẹ̀ mí. Wákàtí méjì ni ó fi ju ìyẹ́, kò sí ẹja kan tí ó kí i. Ní ìdájí ọjọ́ kejì a fa okùn tí Ẹ̀gbọ́n dẹ: òbòkún mọ́kànlá, ọṣẹ sì ṣì wà lẹ́nu ìwọ̀ púpọ̀. Ọkùnrin náà mú ègé ọṣẹ kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti dé.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, a gbé Ẹ̀gbọ́n wá sí Ìkòròdú, a sì gba ọkọ̀ ní Bàyékù. Omi ti ní iyọ̀, ó mọ́ díẹ̀. Ní ọ̀ọ́kán ni a ń wo àwọn òpó èéfín ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ẹ̀gbin, èyí tí wọ́n kọ́ láti mú mẹ́gáwáàtì 1,320 jáde, bẹ́ẹ̀ ni iná kò sí nílé mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Èmi jókòó sí ìdí ọkọ̀, mo tẹ orí ba. Bí ó ti ju ọ̀kan nínú àwọn funfun náà ní ìgbà kẹwàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni okùn na gan-an. Kúta ni! Kò tóbi, gígùn rẹ̀ kò ju láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka, ṣùgbọ́n ó jà bí olè tí wọ́n mú lọ́jà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dàrú. Ọkùnrin náà yọ ìwọ̀ lẹ́nu kúta jẹ́jẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì rọ ọwọ́ sínú omi láti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dì í lọ́rùn ọwọ́ mú. "Àna mi, kí ni ẹ fẹ́ ṣe? Kí ni ẹja yìí fi ṣe yín?" Mo ní láti yára túmọ̀ fún àwọn méjèèjì. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ní ìlú wọn, púpọ̀ nínú àwọn tí ń fi ìyẹ́ pẹja máa ń dá a padà kí odò má baà ṣófo. Mo sọ fún òyìnbó náà pé ní ìlú tiwa, ẹja tí a fà sókè tí a tún dà nù, bí ẹni da oúnjẹ àwọn ọmọ ẹni nù ni. Ó dákẹ́. Kúta ń mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Ẹ̀gbọ́n, ó wo ọmọ mi tí ó jókòó sí iwájú ọkọ̀, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹja náà fún Ẹ̀gbọ́n, ó tẹrí ba díẹ̀. Ta ni ó kọ́ ọ? Ọmọ mi ń wo omi.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni a jẹ kúta. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọkùnrin náà jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a sì bá a níbi tí ó ti ń ṣa ìyẹ́ ẹtù nínú apẹ̀rẹ̀ ilẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ń tì í. Ó ní rárá, pé àwọn tí ń wé ìwọ̀ ní ìlú àwọn ti ń lo ìyẹ́ ẹtù tipẹ́tipẹ́, pé òun kò tíì rí ilé tí ẹtù ti wá rí. Ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó gbé irin ìdìwọ̀ kékeré kan kalẹ̀ lórí tábìlì mi, ó gba ìwọ̀ kan lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, ó sì fi òwú àti ìyẹ́ tótòtó náà wé e títí ó fi dà bí edé. Bí ó ti ń wé e, láì gbé ojú sókè, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ṣì ń bínú sí ọmọ mi.

Mo sọ ìtàn ẹpìyà fún un. N kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ó pẹ́ tó kí ẹja náà tó ya ẹnu? Mo ní oṣù mẹ́jọ. Ọmọ mi wà ní ẹnu ọ̀nà, ó sì gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n ni ó ni ìwọ̀ oníyẹ́ ẹtù náà. Kò tíì fi kan omi. Inú fìlà rẹ̀ ni ó kì í bọ̀, ó sì ń fi í han gbogbo ará Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Júùnù tí ó tẹ̀ lé e ni ìgbéyàwó wáyé ní Skọ́tlándì, ìyàwó mi àti èmi sì lọ. Ẹ̀gbọ́n kò lè lọ, ṣùgbọ́n ó ka ọṣẹ ìfọṣọ méjì sínú àpótí mi, ó ní kí n bá òun fún àna wa, kí ó dán an wò bóyá ẹja odò wọn ń jẹ ẹ́.